Ìdọ̀bálẹ̀ Ọdẹ́ríndé fún Igi Tí Kò Ga Ju Orúnkún

“Kò sí igi kan tó hù nínú igbó tí n kò mọ bàbá tó bí i! Mo mọ èyí tí ìyá rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, mo mọ èyí tó ń jowú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ìrókò bá rí mi lókèèrè, á sún sẹ́yìn kí n ráyè kọjá. Bí mo bá wúkọ́ lásán, èso á pọ́n! Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó dìde dúró!”

Ọdẹ́ríndé ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ìdí ara yín, ẹ má wò mí bí ẹni pé ẹnu mi ló ti jáde. Ọdẹ ni èmi náà. Ewú orí mi yìí, igbó ló fi sí i, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi, ẹnu ni. Ẹnu Ọdẹ́ríndé, géètì ni: màlúù méjì lè gba ibẹ̀ kọjá kí ìwo wọn má fara kanra. Ọ̀rọ̀ ìtìjú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹ sì ti gbà kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹ ti jẹ ẹ̀pà mi. Ẹ yé fọ́ èèpo, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi.

Ìlú Etídò ni wọ́n bí Ọdẹ́ríndé sí, odò ló sì ń jẹ ìlú náà. N kò fi òwe sọ̀rọ̀ o. Odò yìí ń jẹ ilẹ̀ bí arúgbó ṣe ń jẹ obì, díẹ̀díẹ̀, láìtutọ́. Ó jẹ ọgbà, ó jẹ àká, ó jẹ ilé ìdáná ìyàwó Balógun pẹ̀lú ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n kan gbòǹgbò odán ìpàdé, Elétídò, ọba ìlú náà, kó gbogbo ènìyàn jọ, ó ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, pápá òkè ni ìlú ń lọ, níbi tí odò kò lè gùn dé.

Ṣùgbọ́n Etídò ní èèwọ̀ kan. Wọn kì í tẹ̀dó síbi tí kò sí odán, nítorí ìdí odán ni wọ́n ti ń jẹ oyè, ìdí odán ni wọ́n ti ń parí ìjà, ìdí odán ni àgbà ti ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Odán náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àbúrò ọba. Ọba tó bá jókòó sídìí igi tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, àfi bí bàbá tó lọ jókòó lórí itan ọmọ rẹ̀. Pápá òkè ńkọ́? Ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí orí apárí. Bí wọ́n bá gbin odán síbẹ̀ lónìí, ọmọ ọwọ́ ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n hú ti ilé, agbo erin kò lè wọ́ ọ. Bí kò bá sì sí igi àgbà, kálukú á di ẹrù rẹ̀, á gba ilé àna rẹ̀ lọ, Etídò á di ìlú tó wà rí.

Ibi tí wọ́n ti ń ronú ni àlejò kan ti yọ láti inú igbó. Kò ga ju ọmọ odó lọ, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí orúnkún. Nígbà tó dé iwájú ọba, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ó lè rí i dáadáa.

“Kábíyèsí,” ni ó wí, “ìlú Kò-Ga-Jù ni wọ́n ti rán mi wá. Ìyá Rọra ni ọ̀gá wa. Òun ló ń kọ́ni bí a ṣe ń fi igi àgbà sínú ìkòkò, kó máa gbó síbẹ̀ kó má ga, kí ẹnì kan ṣoṣo sì lè rù ú. Ó gbọ́ ìṣòro yín. Ó ní kí ẹ yan ènìyàn kan, kí ó mú igi tó yẹ wá síbi ìkọ́ṣẹ́. Igi tó yẹ náà sì ni èyí tí...”

“Dákẹ́ ńbẹ̀!” ni Ọdẹ́ríndé ké. Ibẹ̀ ni ìfọ́nnu tí ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fọ́n ọn tán, ìránṣẹ́ náà tún ní, “Ẹ ṣeun, bàbá ọdẹ. Igi tó yẹ ni igi tí...”

“Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní igi? Ìwọ tí o ń fi orúnkún ríran? Bí o bá kúnlẹ̀, ṣé o kì í fọ́jú?”

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, fà á láṣọ. “Bàbá Ọdẹ́wùmí, ẹ jẹ́ kí ọmọlọ́mọ sọ̀rọ̀ tán.”

“Àwẹ̀ró, kí lo mọ̀ nípa igi?”

“N kò mọ nǹkan kan. Mo kàn ń fi dáná ni.”

Ìlú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́, nítorí ọkùnrin tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín níwájú ọba, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tẹ̀ lé e kì í dára. Ọdẹ́ríndé gbé ìbọn rẹ̀ sókè, ó ní, “Kábíyèsí, kí ẹ máa kó lọ sí pápá òkè. Igi tó yẹ ni n ó gbé pàdé yín níbẹ̀. Bí mo bá kùnà, ẹ gba ìbọn yìí lọ́wọ́ mi, kí ẹ fún mi ní igbá àgbàdo, kí n máa ṣọ́ adìyẹ ìlú títí n ó fi kú.”

“A gbọ́,” ni Elétídò wí, ó sì gba ìbọn náà ṣe ìdógò. Nígbà tí ọba bá ní òun gbọ́, ẹ̀yin ará, ó ti gbọ́ nìyẹn.

Ní ẹnu igbó, níbi tí àwọn obìnrin Etídò ti ń ṣẹ́ igi ìdáná, ògán kan wà, igi kan sì wà lórí ògán náà tí kò ga ju orúnkún lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ kọ́ Ọdẹ́ríndé lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbì, fìlà rẹ̀ fò lọ sínú ẹ̀gún.

“Pẹ̀lẹ́ o,” ni ohùn kan wí.

Ọdẹ́ríndé wo òkè, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan.

“Ìsàlẹ̀ ni mo wà,” ni igi náà wí. “Ó yẹ kí o ti kí mi kí o tó ṣubú. Ṣùgbọ́n bóyá o kò mọ̀ mí. Jẹ́ kí n pa ara mi lálọ́ fún ọ. Ìgalà ń jẹ mí lórí, n kò sunkún. Ewúrẹ́ ń jẹ mí lórí, n kò kú. Àwọn ọba yín ń jẹ lójú mi, wọ́n ń wàjà lójú mi. Kí ni mo jẹ́?”

“Oúnjẹ ewúrẹ́ ni ọ́!” Ọdẹ́ríndé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára igi náà, ó fi ṣe pákò. Kò dọ̀bálẹ̀, kò tẹ̀ba, kò tilẹ̀ ní ẹ kú ìjókòó. Ṣùgbọ́n oje funfun tó wà nínú ẹ̀ka náà lẹ ètè rẹ̀ mọ́ra pátápátá, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi dé etí Odò Ìfọ́nnu. Ìyẹn nìkan ni ìsinmi tí igbó ní lọ́jọ́ náà.

Odò Ìfọ́nnu, tó dínà Kò-Ga-Jù, kò jìn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìfọ́nnu tí ènìyàn bá ti fọ́n láyé rẹ̀ ni yóò di òkúta nínú àpò rẹ̀ nígbà tó bá dé àárín rẹ̀. Ọdẹ́ríndé fi omi odò náà fọ oje kúrò lẹ́nu, ó kì bọ̀ ọ́. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, àpò rẹ̀ ti wú bí ikùn olóyún. Omi mu ún dé ìbàdí, ó mu ún dé àyà, ó mu ún dé àgbọ̀n. Àwọn ẹja àrọ̀ yọ orí jáde, wọ́n tò yí i ká.

“Kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ,” ni àgbà inú wọn wí, “kí òkúta máa jáde. Sọ ọ́ sókè o, etí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kò yá.”

“Erin tí mo ní mo pa,” ni Ọdẹ́ríndé ń kùn, “ó ti kú kí n tó débẹ̀.”

Òkúta kan fò jáde: bùlà!

“Ẹkùn tí mo ní mo fi ọwọ́ lásán mú... ológbò ni.” Bùlà!

“Ti igbó àbí ti ilé?” ni ẹja bèèrè.

“Ti aládùúgbò mi ni.” Bùlà! Bùlà!

Ojú tì í dé àtàǹpàkò. Ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ìgbà èwe jẹ, títí kan èyí tó sọ fún Àwẹ̀ró nígbà tó ń fẹ́ ẹ, àwọn ẹja sì ń pàtẹ́wọ́ sí èyí tó bá dùn. Ẹ ó rò pé ó kọ́gbọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ lókè odò tó fi kígbe pé, “Èmi ni ọdẹ àkọ́kọ́ tó la Odò Ìfọ́nnu já láìgba ọgbẹ́!”

“O ṣì ń padà bọ̀,” ni odò náà wí.

Ìrònú Ọdẹ́ríndé ni pé ohun tó bá tóbi ló yẹ. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ọdẹ tó bá gbé òkété lọ síwájú ọba, ta ló máa kí i kú iṣẹ́? Nítorí náà, ó yan ìrókò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, tó gùn ju òrùlé lọ. Ó gé gbòǹgbò tó wọlẹ̀ jù lọ dànù kí ó lè hú u, ó sì gbé e lé èjìká. Iwin kan ń gbé orí ìrókò náà, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń jẹ àádùn inú àpò Ọdẹ́ríndé, ó ń wo ìran.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni iwin náà wí, “ibo là ń lọ?”

“Ìlú Kò-Ga-Jù.”

“Kò-Ga-Jù? Èmi yìí?” Iwin náà wo ìdí igi, ó wo òkè igi. “Ó dáa. Máa gbé mi lọ. Ó pẹ́ tí mo ti rí nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín.”

Ẹnu odi Kò-Ga-Jù kò ga ju àyà ènìyàn lọ. Ọdẹ́ríndé bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. Ìrókò kò bẹ̀rẹ̀, ó há. Ọdẹ́ríndé wà nínú, ìdí ìrókò wà nínú, orí ìrókò wà lóde, iwin ń bi àwọn èrò ọ̀nà pé ṣé ibí ni ìrìn parí sí. Gbogbo àwọn tó wá síbi ìkọ́ṣẹ́ jáde wá wò. Kálukú gbé igi tirẹ̀ mọ́ra nínú ìkòkò pẹlẹbẹ: oṣè tó nípọn bí ìkòkò ọbẹ̀ tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ọsàn tó gbó kùjọ́ tó so èso tó tó ẹyin ẹyẹ. Wọ́n gbé orúnkún sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo Ọdẹ́ríndé.

Ìyá Rọra wá. Obìnrin kúkúrú ni, irun orí rẹ̀ dà bí ewédò tí ń hù lára òkúta, ọ̀bẹ kékeré kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀. “Káàbọ̀, ọmọ mi,” ni ó wí. “Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni?”

“Igi tó yẹ ni mo mú wá, ìyá.”

“O ṣeun. Gbòǹgbò rẹ̀ dà?”

Ọdẹ́ríndé wo ìdí igi. Ó mọ ibi tí gbòǹgbò wà. Ó ti fi í sílẹ̀ nínú igbó fún ikán.

“Ìránṣẹ́ mi kò ṣàlàyé fún ọ ni?”

“Ó... ó fẹ́ ṣàlàyé, ìyá.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn ún jù. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á bú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ràn án lọ́wọ́ ti ìrókò jáde, wọ́n ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Iwin ní òun kò lè fi ẹsẹ̀ òun rìn padà, àfi kí ẹni tó gbé òun wá gbé òun lọ. Ọdẹ́ríndé gbé e lọ.

Èkejì ni ọ̀pẹ. Ó ní bí títóbi kò bá ṣe é, iyì á ṣe é, igi wo ló sì níyì tó ọ̀pẹ? Ó hú ọ̀dọ́ ọ̀pẹ kan tó wọ ẹnu odi láìbẹ̀rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ láàárín ìpàdé, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn. Ìyá Rọra yọ ọ̀bẹ lẹ́yìn etí, ó nà án sí i, ó ní, “Ó dáa. Ohun tí a ń ṣe níbí ni pé a ń gé igi lórí, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ á sì yọ. Gé tìrẹ ká rí i.”

Ọdẹ́ríndé fi ọ̀bẹ gé orí ọ̀pẹ, kẹ́ù! Ó ń retí ẹ̀ka. Gbogbo wọn gbé orúnkún sókè, wọ́n ń bá a retí. Wọ́n retí títí orúnkún fi ń gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, èwo nínú yín ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá gé orí ọ̀pẹ ti pa á? Ọmọ tí kò tíì pa eyín dà mọ̀ ọ́n. Ọdẹ́ríndé náà mọ̀ ọ́n, láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga ló jókòó lé ìmọ̀ náà lórí bí adìyẹ tó sàba lé òkúta.

“Ìyá,” ni ó wí wẹ́rẹ́, “mo rò pé ó ti kú.”

“Ó ti kú, ọmọ mi,” ni Ìyá Rọra wí. “Sinmi díẹ̀, kí o tún lọ wá òmíràn.”

Ẹ̀kẹta ni n kò fẹ́ sọ. Bí kì í bá ṣe pé ẹ ti jẹ ẹ̀pà mi, n kò ní í sọ ọ́. Nígbà tó ń yí odi ìlú náà ká, tí ó ń fi fìlà bo ojú, ó rí ìkòkò kan lórí ògiri kékeré, igi àjàgbọn kan wà nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbó, ó lọ́ bí ọwọ́ ìyá àgbà, ewé rẹ̀ wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ọdẹ́ríndé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Ẹran tí kò sí lókùn, ẹran ọdẹ ni,” ó sì gbé e sábẹ́ agbádá.

“Ìyá!” ni ó kígbe nígbà tó wọlé, ohùn rẹ̀ ti padà dé. “Orí òkè tí àwòdì kì í lè fò dé ni mo ti hú èyí! Eré ni mo sá gun òkè náà. Òjòlá kan yí ìdí rẹ̀ ká, mo ní kó dìde, ó dìde!”

Ìyá Rọra gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, “Òkè náà mà ga o. Báwo ni igi náà ṣe rí ìkòkò níbẹ̀?”

Ọdẹ́ríndé la ẹnu. Géètì ṣí, màlúù kò jáde.

“Ọwọ́ mi ni mo fi mọ ìkòkò yẹn,” ni Ìyá Rọra wí. “Láàárọ̀ ni mo gbé àjàgbọn mi sórí ògiri kó lè yá oòrùn.”

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ṣe? Wọ́n rọra sọ orúnkún wọn kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ bò ó, kí wọ́n má baà rí i. Wọ́n ti fọ́ ojú ara wọn nítorí tirẹ̀. Mo ti rí ìtìjú tó lé ènìyàn kúrò ní ìlú, mo ti rí èyí tó mú ọkùnrin gun igi tí kò sì mọ bí yóò ṣe sọ̀. N kò gbọ́ irú èyí rí. Ọdẹ́ríndé gbé ìkòkò náà kalẹ̀, ó jáde, ó lọ jókòó sẹ́yìn odi níbi tí wọ́n ń da ewé gbígbẹ sí. Ó ń rí ara rẹ̀ ní pápá òkè, igbá àgbàdo lọ́wọ́, tí ó ń ké “kúrúkúrú” tọ adìyẹ. Ó ń rí Balógun tó ń di ẹrù lọ ilé àna rẹ̀. Ó ń rí Àwẹ̀ró.

Ìránṣẹ́ ọjọ́ kìíní yọ sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wò ó.

“Ìyá Rọra ní kí n wá parí ọ̀rọ̀ tí ẹ já mọ́ mi lẹ́nu,” ni ó wí.

“Parí rẹ̀, bàbá mi,” ni Ọdẹ́ríndé wí. Ó ti di bàbá mi.

“Igi tó yẹ ni èyí tí ìyà ti jẹ tí kò kú. A gé e, ó rú. Ẹran jẹ ẹ́, ó tún rú. Ìdí rẹ̀ nípọn, ewé rẹ̀ kéré, gbòǹgbò rẹ̀ fọ́n sórí ilẹ̀ bí ìka ọwọ́. Kò ga, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láyé. Nígbà tó sì jẹ́ pé odán ni ẹ̀yin ń wá, yóò ní oje funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Ẹ kò rí irú rẹ̀ rí?”

Ọdẹ́ríndé fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé ìpàkọ́ bí ẹni tí wọ́n da omi ẹ̀kọ lé lórí. Odán! Ẹni tó mọ bàbá gbogbo igi fi odán rin eyín, kò mọ̀ ọ́n! Àgbà tó ti wà kí Etídò tó ní orúkọ kí i, ó sì pè é ní oúnjẹ ewúrẹ́. Nítorí kí ni? Nítorí pé ó kúrú. Ọmọ Yorùbá wo ló ń wọn àgbà kó tó kí i?

Ó padà sí ẹnu igbó láìwo ojú ẹnikẹ́ni; ní Odò Ìfọ́nnu, ó kó gbogbo irọ́ òkè àti òjòlá jẹ kí ẹja tó bèèrè. Nígbà tó dé ìdí ògán, ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Àyà rẹ kò tíì kan ilẹ̀,” ni igi náà wí.

Ó sún mọ́lẹ̀ sí i.

“Àgbọ̀n ńkọ́?”

Ó fi àgbọ̀n kan ilẹ̀. Ibi tó wà nìyẹn, tí èèrà ń gun imú rẹ̀, tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn obìnrin Etídò tó wá ṣẹ́ igi ìdáná ni. Àwẹ̀ró ló ṣáájú.

“Ẹ gbà mí! Bàbá Ọdẹ́wùmí! Kí lẹ sọ nù?”

“N kò sọ nǹkan kan nù. Mò ń kí àgbà.”

Àwọn obìnrin náà wò yíká. “Àgbà dà?”

Ọdẹ́ríndé fi ojú tọ́ka sí igi náà. Wọ́n wo igi, wọ́n wo ọdẹ, wọ́n sọ igi ìdáná sílẹ̀ kí ẹ̀rín má baà fi wọ́n ṣubú. Ọ̀kan ní, “Ìyàwó, ẹ mú ọkọ yín lọ sílé, oòrùn ti pa á.” Òmíràn ní, “Ẹ jẹ́ kó kí ògán náà tán, ó ku àwọn koríko.” Ọdẹ́ríndé ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ tó wà. Nígbà mìíràn, á ti dìde, á ti kì ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mì. Kò dìde.

“Mo tún bi ọ́,” ni igi náà wí. “Kí ni mo jẹ́?”

Ẹ̀rín gé lẹ́nu àwọn obìnrin bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

“Àgbà lẹ jẹ́, bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ìlú kan ń bẹ tí yóò túká bí ẹ kò bá bá mi lọ.”

“Ìyá ni mí,” ni igi náà wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi.”

“Ìwọ tí o mọ bàbá gbogbo igi.” Igi náà gbọn ewé rẹ̀ lé e lórí. “Fi àdá sílẹ̀. Ọwọ́ ni kí o fi wa ilẹ̀. Kó gbogbo gbòǹgbò mi, má fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ikán.”

Ọdẹ́ríndé fi èékánná wa ògán náà. Àwẹ̀ró sún mọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà náà, ó bá ọkọ rẹ̀ wa ilẹ̀, nígbà tó sì ku ohun tí wọ́n máa fi di erùpẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dì í pinpin.

Odò Ìfọ́nnu? Ó kọjá rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, omi kò kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi ìgbà tó dé àárín tó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Kò sí ọdẹ tó tíì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó báyìí rí.” Òkúta kan bọ́ sínú àpò rẹ̀. Ó yára kó o jẹ.

Nígbà tí Ìyá Rọra tú gèlè náà, tó rí ìdí odán yìí, ó jókòó sílẹ̀. Àwọn ará ìkọ́ṣẹ́ gbé orúnkún sókè lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́tẹ̀ yìí wọn kò sọ ọ́ kalẹ̀. “Ó yẹ,” ni Ìyá Rọra wí. Ó di ọwọ́ Ọdẹ́ríndé mú, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ gáfárà kí wọ́n tó gé ẹ̀ka, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ gbòǹgbò sínú ìkòkò pẹlẹbẹ, bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ yá jù, ó ní, “Rọra.” Ọdẹ́ríndé rọra. Omijé bọ́ sórí erùpẹ̀. Ìyá Rọra ní ìyẹn tó fún omi àárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e dé pápá òkè. Gbogbo Etídò ti dé síbẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn lórí, pẹ̀lú ewúrẹ́ lókùn, pẹ̀lú arúgbó lẹ́yìn. Odò ti jẹ odán ìpàdé wọn lọ. Wọ́n dojú odó ńlá kan dé láàárín pápá, Ọdẹ́ríndé sì gbé ìkòkò náà lé e lórí, gèlè Àwẹ̀ró ṣì wà ní ìdí rẹ̀ bí òṣùká. Ìlú sún mọ́ ọn. Wọ́n wo gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n wo bí ìdí rẹ̀ ṣe gbó. Ọba kì í dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Elétídò tẹ adé ba níwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú àgbà, ìyá wa. A ti ní odán. Ìlú kò túká mọ́.” Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, Balógun ń sunkún. Wọ́n pe Ọdẹ́ríndé síwájú, wọ́n dá ìbọn rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo iyì tó ti wọ́ sílẹ̀ lára ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sípò. Àyà rẹ̀ wú. Ó gbé ìbọn lé èjìká, ó wú ikọ́, géètì ń ṣí bọ̀. Elétídò na ọwọ́ sí ìlú, ó ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká jókòó sábẹ́ odán wa, bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.”

Wọ́n gbé àpótí ọba wá. Wọ́n gbé e sí apá ọ̀tún odó, wọ́n gbé e sí apá òsì, wọ́n tún gbé e padà. Òjìji igi náà wà nílẹ̀, adìyẹ kan dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ó kún.

Àwẹ̀ró, tí kò ní gèlè lórí, fi ọwọ́ bo àárín orí rẹ̀.

“Kábíyèsí,” ni ó wí, “oòrùn yìí mà mú o.”